Bí Ẹnu Bá Ya Ìyá Àgbà

Èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà nígbà tí wọ́n mí ìmí ìkẹyìn, nítorí náà èmi nìkan ni mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ gbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, Gẹ̀ẹ́sì sì ni. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n lè rẹ́rìn-ín pé ìyá arúgbó kan ní Ìdó-Ilé, ìyàwó alágbẹ̀dẹ tí kò kàwé dé ibi kankan, fi Gẹ̀ẹ́sì dágbére fáyé. Kó rẹ́rìn-ín o jàre. Èmi náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn tí mo ti sunkún tán.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà di nǹkan bàbàrà ni pé àwọn ẹ̀gbọ́n màmá mi méjì ti ń dúró dè é tipẹ́. Àgbà nínú wọn là ń pè ní Bàbá Ìjerò, nítorí Ìjerò ni wọ́n ń gbé, alàgbà ìjọ sì ni wọ́n níbẹ̀. Èkejì là ń pè ní Bàbá Agbẹ̀dẹ. Àwọn ni wọ́n jókòó ti iṣẹ́ bàbá wọn nílé ní Ìdó-Ilé, àwọn ni wọ́n sì ń tọ́jú ojúbọ Ògún tó wà lẹ́yìn agbẹ̀dẹ. Láti ìgbà ìsìnkú bàbá wọn ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá Ìjerò fẹ́ kí a sin Ìyá Àgbà sí itẹ́ òkú ìjọ wọn ní Ìjerò. Bàbá Agbẹ̀dẹ ní irọ́ ni, ẹ̀gbẹ́ ọkọ wọn ni wọ́n máa sùn sí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì bi Ìyá Àgbà léèrè pé níbo gan-an ni wọ́n fẹ́, èsì kan náà ni wọ́n máa ń fún wọn: “Ọjọ́ tí mo bá ń lọ, ẹ ó gbọ́ lẹ́nu mi.”

Ọjọ́ náà wá dé, ẹnu yẹn sọ̀rọ̀, etí tèmi nìkan ló sì gbọ́ ọ. Kí n tó sọ ohun tí mo gbọ́, ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹnu tó jẹ́.

Ìyá Àgbà kì í ké “Yéè”. Wọn kì í ké “Mo gbé”, wọn kì í ké “Jésù”, wọn kì í sì í ké “Ògún o”. Bí nǹkan bá yà wọ́n lẹ́nu, nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta ni wọ́n ti máa ń ṣa ọ̀kan, mi ò sì rí ọjọ́ kan tí wọ́n ṣì í ṣà. “Ọ̀ dia” ni ti nǹkan tó dunni, tó sì ń fẹ́ kéèyàn dìde ṣe nǹkan sí i: ọmọ ṣubú, òjò ká kòkó mọ́ orí àtẹ, wọ́n ní ara ẹnìkan kò yá. “Gúdù gíréṣọ̀sì” ni ti ìtìjú àti ìwàkiwà. Ọmọ tó ń jẹun tó ń sọ̀rọ̀ á gbọ́ ọ. Olóṣèlú tó fi mọ́tò bu eruku lu àwọn arúgbó ní títì á gbọ́ ọ, bí kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ọ. “Gúdínẹ́sì mí” ni ti ayọ̀, ìyẹn sì ṣọ̀wọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún wọn á kọ́kọ́ lọ sí àyà, ojú wọn á là, ohùn wọn á wá rọ̀ bíi ti ọmọdébìnrin tí wọ́n rán níṣẹ́ tó fẹ́ràn.

Gbogbo ilé ló mọ ìyàtọ̀ náà. Bí a bá wà lẹ́yìnkùlé tí ohùn wọn jáde láti pálọ̀, a ti mọ̀ bóyá ká sáré wọlé, ká sá pamọ́, tàbí ká wá wo àlejò pàtàkì tó dé. Àwa ọmọ ọmọ wọn a máa bá ara wa díje lórí “Gúdínẹ́sì mí”. A ó mú èsì ìdánwò wá, a ó mú ẹja àrọ̀ wá láti odò, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní ó dára, wọ́n á sì máa bá ẹ̀gúsí wọn lọ. Màmá mi sọ fún mi pé wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi sí wọn lọ́wọ́. Inú mi dùn sí i, àmọ́ mo sùn nígbà yẹn, mi ò gbádùn rẹ̀.

Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn wá. Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n bí wọn sí, kí wọ́n sì tó lọ́kọ, ọ̀dọ̀ ìyàwó tíṣà àgbà kan ni wọ́n gbé dàgbà, obìnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Mìsìsì. Ọmọ Yorùbá ni Mìsìsì, ó dúdú ju èmi lọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ, àmọ́ ó ti lọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ó sì mú ìwà kan bọ̀ níbẹ̀: kì í pariwo. Bí àwo bá fọ́, Mìsìsì á wò ó nílẹ̀, á ní “Ọ̀ dia”, á lọ mú ìgbálẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí ya Ìyá Àgbà lẹ́nu gan-an, nítorí nílé tiwọn, bí àwo bá fọ́, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ orúkọ ẹni tó fọ́ ọ. Wọ́n máa ń sọ ọ́ fún mi bí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀wà: “Mo kọ́kọ́ rò pé obìnrin yẹn ò lágbára ni. Àṣé agbára ló fi ń ṣe é.”

Ìdó-Ilé ni wọ́n lọ́kọ sí, inú agbo ilé tí wọ́n ti ń bọ Ògún láti ìran dé ìran. Ọmọ ìjọ ni Ìyá Àgbà, ọkọ wọn sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò níí dí wọn lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Òfin kan ṣoṣo ló wà, inú agbẹ̀dẹ ni òfin náà sì wà: bí iná bá ń jó tí òòlù bá ń sọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ké pe ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ẹni tó ni irin. Ẹni tí o bá ké pè níbẹ̀, òun lo gbé iṣẹ́ ọjọ́ náà lé lọ́wọ́.

Wọn ò tíì pẹ́ nílé ọkọ tí wọ́n gbé oúnjẹ lọ bá àwọn ọkùnrin ní agbẹ̀dẹ lọ́jọ́ kan. Ejò já bọ́ láti àjà, ó balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹwìrì tí wọ́n fi ń fẹ́ iná. Ìyá Àgbà ké, “Jésù!” Wọ́n pa ejò náà lójú ẹsẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún bìkítà fún un mọ́. Bàbá ọkọ wọn gbé òòlù sílẹ̀ wọ̀ọ́, wọ́n yíjú sí wọn. “Ùyàwó,” wọ́n ní, “ẹni tí o pè yẹn, ṣé ó mọ ọkọ́ rọ?” Wọ́n pa uná agbẹ̀dẹ lọ́sàn-án gangan, wọn ò sì dá a padà títí wọ́n fi fi àkùkọ tọrọ àforíjì.

Ìtìjú ọjọ́ yẹn kọ́ ẹnu Ìyá Àgbà lẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ ó kọ́ ọ kọjá ààlà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí àwọn obìnrin ilé yòókù ṣe ń ké. Nígbà tó di ìsìn ìkórè, tí ìjọ dákẹ́ rọ́rọ́ fún àdúrà, bẹ́ǹṣì tí àwọn ìyàwó ilé jókòó lé dá sí méjì. Àwọn tó kù ṣubú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìyá mi àgbà ni wọ́n fi gbogbo ohùn ké, “Ògún o!”

Mo ti gbọ́ ìtàn yìí títí, síbẹ̀ mo ṣì máa ń fọwọ́ bojú bó bá dé ibẹ̀. Wọ́n ní olùkọ́ ìjọ kò rántí ibi tí òun bá àdúrà dé mọ́. Wọ́n ní kí Ìyá Àgbà má ṣe wá síbi oúnjẹ Olúwa mọ́ títí wọ́n á fi ronú pìwà dà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ń dùn wọ́n láti orí bẹ́ǹṣì tó dá. Nílé, bàbá ọkọ wọn gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

“Ulé Ògún mo pe Jésù, ulé Jésù mo pe Ògún,” Ìyá Àgbà á wí, wọ́n á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ bí ẹni tó ń gba nǹkan. “Ta ló wá kù tí mo lè pè?”

“Yéè” kò ṣeé ké, nítorí ní agbo ilé yẹn, obìnrin tó bá ké “Yéè” ti túfọ̀ nìyẹn, àwọn ọkùnrin á ti gbé ọkọ́ sílẹ̀ lóko kí wọ́n tó béèrè ẹni tó kú. Ibi tí wọ́n ti ń fọ ìkòkò ni wọ́n ti rántí Mìsìsì. Wọ́n ní àwọn gbìyànjú rẹ̀ wò lórí ìkòkò, wọ́n gbìyànjú rẹ̀ wò lórí ewúrẹ́ aládùúgbò tó wọlé jẹ iṣu, ó sì bá a mu. Nígbà tí bàbá ọkọ wọn kọ́kọ́ gbọ́ “Gúdù gíréṣọ̀sì”, wọ́n dúró.

“Òrìṣà Ẹ̀fọ̀n ni?”

“Rárá o, Bàbá. Gẹ̀ẹ́sì lásán ni.”

“Tó bá jẹ́ lásán,” bàbá náà wí, “ó lè wọlé.”

Olùkọ́ ìjọ náà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni Ìyá Àgbà ti rí ọ̀rọ̀ tó lè bá wọn wọ agbẹ̀dẹ kó sì bá wọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á ní, “Mo yẹ̀ ẹ́ wò títí, Àdùkẹ́, mi ò rí ẹnìkan tó ń bọ Gúdínẹ́sì.”

Ẹ má rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n o. Wọ́n le. Wọ́n bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí ju bí wọ́n ṣe bá mi jà lórí ọkọ tí mo kọ̀ lọ. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe ní Àrámọ̀kọ, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sì ti kó “Wáò” ràn mí. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ kan níwájú Ìyá Àgbà, wọ́n bojú wo ẹ̀yìn mi. “Ajá ta nìyẹn?” Ìgbà kan tún wà tí mo ń wo fóònù, tí mo ní “Ọ̀ mai Gọ́ọ̀dù”, nítorí bàtà lásánlàsàn kan tí mo rí. Ìyá Àgbà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ta lo pè?”

“Mi ò pe ẹnìkankan, mà.”

“O pè é. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ìyẹn. Ó ti gbé ohun tó ń ṣe sílẹ̀ báyìí, ó ń wò ọ́. Wí ún un pé nítorí bàtà ni.”

Mi ò tún sọ ọ́ mọ́ títí dòní.

Ìyá Ọ̀yọ́ ni wọ́n tún jọ máa ń fà á. Ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni Ìyá Ọ̀yọ́ ń gbé, Ọ̀yọ́ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti wá ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà. Obìnrin aláàánú ni, àmọ́ gbogbo nǹkan ló ń ké “Yéè” sí: epo tó dà, iná ẹ̀lẹ́kítíríìkì tó dé, iná tó lọ. Ìyá Àgbà á ti ojú fèrèsé béèrè pé, “Ìyá Ọ̀yọ́, bí ekùn bá wá wọlé, kí lẹ ó ké?” Ìyá Ọ̀yọ́ á ní bí ekùn bá wọlé, òun ò níí ké rárá, òun á ní kó wá jẹ Ìyá Àgbà. Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí Bàbá Àgbà, ọkọ wọn, ṣì wà láyé, mo háyà mọ́tò, mo gbé Ìyá Àgbà lọ sí Ìkógòsì. Ó ń dùn mí pé itòsí wa báyìí ni omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, tí àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó, tí Ìyá Àgbà kò sì dé ibẹ̀ rí. Lóòótọ́, “Gúdínẹ́sì mí” ni mò ń wá. Wọ́n ki ẹsẹ̀ kan bọ ibi tó gbóná, wọ́n ki èkejì bọ ibi tó tutù, wọ́n dúró fún ìgbà díẹ̀. “Hùn,” wọ́n ní. “Gbé etí aṣọ mi sókè, ó ń tutù.” Inú mi bàjẹ́. Bí a ṣe ń padà sídìí mọ́tò ni ọmọdébìnrin kan tí a ò mọ̀ rí fi eré tó ń ṣe sílẹ̀, tó kúnlẹ̀ gbẹ̀dẹ̀ẹ̀ nínú yanrìn, tó ní, “Ẹ kú ìrìn o, Màmá.” Ọwọ́ Ìyá Àgbà lọ sí àyà. “Gúdínẹ́sì mí!” Nínú mọ́tò, mo ní ṣé omi tí gbogbo ayé ń wò kọ́ ló yà wọ́n lẹ́nu, ọmọ ọlọ́mọ ni. Wọ́n ní, “Omi yẹn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ látijọ́. Ọmọ yìí, ẹnìkan ló jókòó kọ́ ọ.”

Bí wọ́n bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe láyé, kí n fi sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, ọjọ́ tí irin gbígbóná ta bá Bàbá Agbẹ̀dẹ ni màá mú. Ọmọ kékeré ni Bàbá Agbẹ̀dẹ nígbà náà. Wọ́n sáré wọ agbẹ̀dẹ, èèpá irin pupa fò, ó lẹ̀ mọ́ wọn ní èjìká. Àwọn obìnrin ilé ń ké, àwọn ọkùnrin ń pe Ògún, Bàbá Àgbà fúnra wọn dúró sójú kan, wọ́n sì di ẹ̀mú mú bíi pé ẹnìkan so wọ́n mọ́ ọn. Ìyá Àgbà wọlé láti ìdí àdògán. Wọ́n wò ó. “Ọ̀ dia,” wọ́n ní, bí ìgbà tí ọmọ da omi sílẹ̀. Wọ́n yọ irin náà kúrò, wọ́n da omi sí i, wọ́n fi aṣọ mímọ́ bò ó, wọ́n gbé ọmọ náà, wọ́n sì bọ́ sí títì lọ wá ọkọ̀ tó ń lọ sílé ìwòsàn.

Àpá náà wà ní èjìká Bàbá Agbẹ̀dẹ dòní, ó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Àwọn fúnra wọn ló sọ fún mi pé àwọn ti gbàgbé ìrora rẹ̀, ohùn yẹn nìkan ni àwọn rántí. “Gbogbo wọn ń ké lé mi lórí bíi pé mo ti kú. Ìyá mi dé, wọ́n ní ‘Ọ̀ dia’. Mo ní háà, àṣé mo ṣì wà.”

Ó ku ibì kan. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì gba ọmọ náà tán, Ìyá Àgbà rìn lọ sẹ́yìn ilé ìwòsàn náà, sábẹ́ máńgòrò kan, wọ́n sì ké. Bàbá Àgbà tó tẹ̀ lé wọn gbọ́ ohùn, wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Bàbá Ìjerò gbà pé Jésù ni ìyá àwọn pè lọ́jọ́ yẹn. Bàbá Agbẹ̀dẹ ní inú ilé wo ni irin ti ta bá ọmọ, ta ló sì yẹ kí wọ́n bẹ̀? Èmi ni mo láyà tí mo béèrè lọ́wọ́ Ìyá Àgbà alára. Wọ́n ń gé ilá, wọn ò gbójú sókè. “Ẹni tí mo pè mọ̀ pé òun ni mo pè,” wọ́n ní. “Ó sì jẹ́ mi.”

Ìjà àwọn ọmọ wọn méjèèjì, ẹ̀bá sàréè ló ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Àgbà ti gba ìrìbọmi nígbà ogbó, nítorí náà Bàbá Ìjerò kó àwọn akọrin wá. Bàbá Agbẹ̀dẹ mú òòlù bàbá wọn wá, kí wọ́n gbé e sínú pósí, nítorí alágbẹ̀dẹ kì í ṣe ẹni tí à ń sin lọ́wọ́ òfo. Bàbá Ìjerò ní kò sí irin kankan tó máa bá Onígbàgbọ́ wọlẹ̀. Wọ́n di òòlù náà mú, ọ̀kan ní orí, ọ̀kan ní ìdí, àwọn ọkùnrin tó ti ní ọmọ ọmọ, wọ́n ń fà á síwá sẹ́yìn lójú gbogbo ìlú. Òòlù náà já bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ó lọ balẹ̀ gbì sórí pósí. “Gúdù gíréṣọ̀sì,” Ìyá Àgbà wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọ́n yípadà, wọ́n rìn lọ sílé láìwẹ̀yìn, kò sì sẹ́ni tó láyà láti wọ inú sàréè lọ yọ òòlù.

Lẹ́yìn náà, ọjọ́ Jímọ̀ tí Bàbá Agbẹ̀dẹ máa ń lọ sí Eríjìyàn ni Bàbá Ìjerò máa ń wá kí ìyá wọn. Àwo méjì ni Ìyá Àgbà ń gbé oúnjẹ sí, ọ̀kan fún ọ̀kan, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọn kì í bá ọ̀kan sọ̀rọ̀ èkejì láìdáa. Ó dùn wọ́n dé ọkàn, mo sì mọ̀, nítorí láti ìgbà náà ni “Gúdínẹ́sì mí” ti dákẹ́ nílé wa. A bí ọmọ, a kọ́lé, ọmọ jáde ní yunifásítì, wọ́n á ní a dúpẹ́. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan pé ṣé Gẹ̀ẹ́sì wọn ti tán ni. Wọ́n ní, “Ọjọ́ tí mo bá rí àwọn méjèèjì nídìí àwo kan, ẹ ó gbọ́ ọ.” Gbogbo ilé ló mọ̀ pé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì náà mọ̀.

Nígbà tí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà kò gbé wọn mọ́, mo kó ẹ̀rọ ìránṣọ mi wá sí Ìdó-Ilé. Ọ̀sán gangan ni wọ́n lọ, oòrùn sì wà nínú yàrá. Wọ́n ti mu ẹ̀kọ díẹ̀, mo sì ń nu ẹnu wọn. Òòlù Bàbá Agbẹ̀dẹ ń dún láti agbẹ̀dẹ, Ìyá Ọ̀yọ́ ń bá ẹnìkan jà lórí fóònù. Ìyá Àgbà gbé ojú lọ sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó gbọ́ àgò. Ojú wọn là. Ọwọ́ ọ̀tún wọn tó ti ń ṣòroó gbé gòkè wá fúnra rẹ̀, ó lọ sí àyà.

“Gúdínẹ́sì mí!”

Mo yíjú wo ẹni tó dé. Kò sẹ́nìkankan. Nígbà tí mo fi máa yíjú padà, wọ́n ti lọ.

Mi ò ké. “Ọ̀ dia,” mo ní, mo sì fi aṣọ bo ẹsẹ̀ wọn, nítorí wọn kò fẹ́ràn òtútù. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí agbẹ̀dẹ. Bàbá Agbẹ̀dẹ rí ojú mi, wọ́n gbé òòlù sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn fúnra wọn ló pe Bàbá Ìjerò. Mo rí bí wọ́n ṣe ń wá orúkọ náà lórí fóònù.

Ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá Ìjerò dé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, Bàbá Agbẹ̀dẹ dúró sínú ilé, wọn ò kí ara wọn. Èmi ni àwọn méjèèjì ń wò.

“Kí ni wọ́n wí?” Bàbá Ìjerò béèrè. “Ṣé wọ́n pe Olúwa?”

“Àbí wọ́n dárúkọ Bàbá?” Bàbá Agbẹ̀dẹ ní.

Mo mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu mi ì bá fún ọ̀kan ní ìyá rẹ̀ pátápátá. “Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ,” mo ní.

“Èwo?”

Àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ pọ̀. Wọ́n wo ara wọn nígbà náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ẹ̀bá sàréè.

Mo sọ ọ́ fún wọn. Bàbá Ìjerò ní kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Mo gbìyànjú, mo gbé ọwọ́ sí àyà, àmọ́ ohùn mi ya, ẹkún ló jáde. “Ṣé ó dá ọ lójú pé kì í ṣe ‘Ọ̀ dia’?” Bàbá Ìjerò tún béèrè. Mo ní ó dá mi lójú. Bàbá Agbẹ̀dẹ ní ta ni wọ́n rí. Mo ní mi ò mọ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń wò. Bàbá Ìjerò jókòó sórí àga Ìyá Àgbà. Wọ́n sunkún bí ọmọdé, ó sì pẹ́. Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, wọ́n ní, “Ibi tí inú wọn ti dùn tó báyẹn, èmi ò níí gbé wọn kúrò níbẹ̀.”

Ẹ̀gbẹ́ Bàbá Àgbà la sin wọ́n sí. Àwọn akọrin wá láti Ìjerò, Bàbá Agbẹ̀dẹ sì pa uná agbẹ̀dẹ fúnra wọn kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a bu erùpẹ̀ sí i, mo gbọ́ Ìyá Ọ̀yọ́ lẹ́yìn mi, ẹni tó ń ké “Yéè” sí iná tó lọ. “Ọ̀ dia,” ó ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀. Lóòótọ́, wọ́n ti ń kí ara wọn, àmọ́ bí èèyàn ṣe ń kí aládùúgbò ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Bàbá Ìjerò wá lọ́jọ́ kan tí kì í ṣe Jímọ̀. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n bá wá. Wọ́n bá Bàbá Agbẹ̀dẹ ní pálọ̀, wọ́n jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò díẹ̀. Mo gúnyán, mo gbé e wọlé bí Ìyá Àgbà ṣe kọ́ mi, àwo fún ọ̀kan, àwo fún èkejì. Bàbá Agbẹ̀dẹ wo àwo méjèèjì.

“Àdùkẹ́, gbé ọ̀kan padà.”

Mo gbé e padà sí ilé ìdáná. Nígbà tí mo mú omi ìfọwọ́ bọ̀, mo bá wọn nídìí àwo kan ṣoṣo, Bàbá Ìjerò ti ká apá agbádá wọn sókè, Bàbá Agbẹ̀dẹ ń sún ẹran sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Ọwọ́ mi lọ sí àyà, mi ò rán an níṣẹ́.

“Gúdínẹ́sì mí!”

Àwọn méjèèjì yíjú sí yàrá Ìyá Àgbà, kì í ṣe sí mi. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Ìjerò wò mí.

“Ṣé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” mo ní. “Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn.”